Òtítọ́ Nípa Ọjọ́ Kọkàndínlógún

Abà Ajíbóyè,
Lẹ́yìn Àpáta, Ọ̀nà Abẹ́òkúta,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1987.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Yéjídé Àṣàbí,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àgbowó? Ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé tí ń jò ṣe, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ṣọ́ọ̀bù Bódìjà, ṣé ìka tí o fi ayùn gé lóṣù tó kọjá sì ti jinná? Kí Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ayùn náà dé eegun má jẹ́ kí ibi kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí mo bá ní kí n kọ gbogbo àdúrà tí ìyá rẹ gbà fún ọ láàárọ̀ yìí sílẹ̀, ìwé yìí kò ní gbà á, nítorí náà mo bẹ ọ kí o ṣe àmín mẹ́ta síbí, kí o tó máa kà á lọ.

Ara wa le. Àgbàdo ọdún yìí yọmọ, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ sì ti kan fèrèsé tuntun sí ilé àdúrà, èmi ni mo bá wọn wọ̀n ọ́n, ó gún régé. Lẹ́tà yìí gbé ẹrù méjì, ìròyìn ayọ̀ kan àti ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ìròyìn ayọ̀ náà ni pé nínú ọgọ́ta ẹyin tí o kó sínú àpótí ìsàba rẹ, mẹ́rìnléláàádọ́ta ti pa, òròmọdìẹ wọn sì wà láàyè, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí gan-an ni wọ́n ti ń ké. Tèmi ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ẹnu mi kò sì gbà á láti sọ ọ́ nígbà tí mo bá ọ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù lánàá. Ọ̀kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la. Jọ̀wọ́, má fo ojú ìwé kankan. Kí o kà á tán kí o tó lọ sí Ring Road lọ́jọ́ Ajé, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù yóò bi ọ́ níbẹ̀, inú lẹ́tà yìí ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Mo mọ̀ pé o mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ní polí tí mo ti kọ́ nípa ilé kíkọ́, wọ́n kọ́ wa pé ìròyìn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé, orí ara rẹ̀ ni yóò wó lé. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá ni Tàjúdéènì káfíńtà rẹ gbé àpótí náà dé láti Bódìjà. A gbé e kalẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, a kó ọgọ́ta ẹyin sí i, mo sì tan àtùpà kìíní. Tàjúdéènì tún ka àdéhùn náà sí wa létí, pé bí àpótí yìí bá lè pa ju ogójì ẹyin lọ ní abà tí kò ní iná mànàmáná, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò ra ogójì irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Orí owó yẹn ni ọ̀rọ̀ há sí. Wọ́n ní àtùpà méjì, agbada omi méjì, àti páànù tó pààlà sí àárín wọn ti sọ àpótí náà di ohun tí àgbẹ̀ ọlọ́kà kò lè rà. Ìwọ sì ti takú pé o kò lè yọ àtùpà kejì kúrò, o ní o mọ ohun tí o rí. Rántí gbólóhùn yẹn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ tí ẹgbẹ́ rán láti máa bẹ̀ wá wò fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n kún un. Mo kún un bí ẹni tó kàwé. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye ẹ̀mí tí ń bẹ nínú ilé, mo kọ méjìlélọ́gọ́ta, nítorí pé èmi àti ìyá rẹ jẹ́ méjì, ìwọ fúnra rẹ ni o sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé láti ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀mí ti ń bẹ nínú ẹyin. Nígbà tí ó kà á, ó rọra bi mí pé ìyàwó mélòó ni mo fẹ́. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo. Ó wo ìyá rẹ títí, ó ní kí Ọlọ́run tún fún wọn lókun, mo sì ṣe àmín nítorí n kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, tẹ̀mómítà inú àpótí wọ ọgọ́rùn-ún lé méjì. Ìyá rẹ ní ibà ni, ó fẹ́ lọ já ewé. Mo ní kí ó fi ara balẹ̀, pé ìwé ìlànà rẹ ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ dán ohun èlò wò, nítorí náà mo fi tẹ̀mómítà náà há abíyá mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì fi méjìdínlọ́gọ́rùn-ún hàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ara àwọn ẹyin yá, èmi ni ara mi kò yá, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta lo oògùn ibà. Lẹ́yìn náà mo gba ara mi padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni mo ń yí ẹyin kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ tí o fi lẹ́ẹ̀dì kọ àmì sí sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àmì, ìyá rẹ á sì máa ka sáàmù lé wọn lórí bí mo ti ń yí wọn, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni tèmi, iṣẹ́ ẹ̀mí ni tòun.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ọjọ́ kọkàndínlógún ni oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìwé ìlànà rẹ, ojú mi ń bọ́ sórí ìlà tí o fi gègé pupa fà nísàlẹ̀, pé ọjọ́ kọkàndínlógún ni kí a ṣọ́ra jù, pé gbogbo ẹyin lè bàjẹ́ lọ́jọ́ náà láìnídìí, pé kí a tan àtùpà kejì láàárọ̀, kí a má sì pa á títí ẹyin yóò fi pa.

Yéjídé, ìdí wà. Èmi ni ìdí náà.

Ọdún 1973 ni, nígbà tí a wà nínú yàrá méjì ní Àpáta, ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí polí, orí mi wú débi pé fìlà kò gbà á. O kó ẹyin méjìlá sínú páálí mílíìkì, o gbé àtùpà tì í, o sì fi owó oúnjẹ rẹ ra karosíìnì. Ìyáàfin Adétóun tó ń kọ́ yín ní sáyẹ́ǹsì ti sọ fún ọ pé bí ó bá yọrí, àwọn yóò gbé e lọ síbi àfihàn àwọn ilé ìwé. Mo ń wò ọ́, mo sì ń bínú, nítorí pé n kò lè gbà pé ọmọ tí mo bí mọ ohun tí wọn kò kọ́ mi ní polí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, nígbà tí o wà ní ilé ìwé, mo ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe sí ẹyin. Mo bu omi sínú abọ́, mo kó ẹyin méjèèjìlá sí i. Gbogbo wọn ló léfòó. Nílé tiwa, ẹyin tó bá ti léfòó, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún un bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo kó wọn, mo dà wọ́n sínú ihò ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé.

N kò tíì yí padà tán tí mo fi gbọ́ igbe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí èèpo ẹyin kan tó là, àgógó kékeré sì ń yọ níbẹ̀. Mo ti wá mọ̀ lónìí, nínú ìwé ìlànà rẹ kan náà, pé bí òròmọdìẹ bá ti ń dàgbà nínú ẹyin ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹyin tó sún mọ́ pípa kò sì lè ṣe kó má léfòó. Lọ́jọ́ náà n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ igbe nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n kó wọn padà. Mo já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi bò wọ́n mọ́lẹ̀, mo sì wọlé.

Nígbà tí o dé, mo sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, pé ó ń rùn, pé adìẹ ni Ọlọ́run dá fún ìsàba kì í ṣe páálí. Ìwọ kò sunkún. O mú ìwé àjákọ rẹ, o kọ ọ́ pé ní ọjọ́ kọkàndínlógún gbogbo ẹyin bàjẹ́, o kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo rí i nígbà tí o ń kọ ọ́. Ìyáàfin Adétóun ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n bi mí léèrè ibi tí iṣẹ́ rẹ dé, mo sì sọ fún wọn pé ó ti sú ọ. Irọ́ kejì nìyẹn.

Mo rò pé irọ́ máa ń gbó, kí ó sì kú. Tèmi kò kú. O lọ sí yunifásítì, o kàwé yege, o kọ iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, o gba ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onípákó, gbogbo àpótí tí o sì kàn ni o fi àtùpà kejì sí nítorí ọjọ́ kan tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ àfi ọwọ́ bàbá rẹ. Irọ́ tí mo pa ní Àpáta ti di pákó, ó ti di páànù, ó ti di àtùpà, ó sì ti gbé owó iṣẹ́ rẹ kọjá agbára àwọn tí o ń ṣe é fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni ọjọ́ kọkàndínlógún pé. Mo tan àtùpà kejì láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, tẹ̀mómítà ti wọ ọgọ́rùn-ún lé márùn-ún, mo sì ń gbọ́ igbe wẹ́wẹ́ láti inú àwọn ẹyin náà, igbe tí mo ti gbọ́ rí. Ìyá rẹ ní kí n fọwọ́ mú ohun tí ọmọ kọ. Èmi sì mọ̀ pé àárín ohun tí ọmọ kọ ni irọ́ mi jókòó sí. Bí mo bá pa àtùpà náà tí wọ́n bá kú, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, lọ́tẹ̀ yìí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ooru yóò sè wọ́n. Ibẹ̀ ni Sìkírátù ìyàwó Ajíbóyè tó ni abà yìí ti gbé abọ́ omi dé láti ojúlé kejì, tí ó ní kí a yáa tètè fi àwọn ẹyin náà sómi, kí a lè ṣa àwọn tó ti bàjẹ́ kúrò kí Adéyẹmọ tó dé, kí ojú má bàa ti abà. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu gbogbo omi inú rẹ̀ tán. Ó dúró, ó ń wò mí, ó ní òun kò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ Bàbá Yéjídé tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni mo pa àtùpà kejì.

Tẹ̀mómítà rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún lé méjì, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn ẹyin náà ti dàgbà, ara wọn ti ń mú ooru tiwọn jáde. N kò ṣí àpótí. Bí mo ti jẹ́ yìí, n kò ṣí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Nígbà tí alùpùpù Adéyẹmọ fi máa dé, àgbà àti èwe abà ti kún ojú fèrèsé. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́ta, ariwo sì sọ. Ó wá tẹjú mọ́ àtùpà kejì, ó rí i pé kò sí iná lẹ́nu rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì tutù, ó bi mí pé ṣé n kò tẹ̀lé ìlànà ni. Yéjídé, ìdáhùn méjìlá ni mo lè fún un. Mo sọ òtítọ́. Níwájú Ajíbóyè àti àwọn tí ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé abà, mo sọ bí mo ṣe da ẹyin ọmọ mi sínú ìdọ̀tí. Sìkírátù ní òun ti wá mọ ìdí tí mo fi mu omi òun. Adéyẹmọ yọ ìwé rẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ pé àtùpà kan ti tó, ọ̀rọ̀ owó ti yanjú, kí o mú iye tuntun wá sí Ring Road lọ́jọ́ Ajé, ogójì àpótí ni ẹgbẹ́ yóò gbà. Ogójì, Àṣàbí.

Láti ìgbà náà ni àwọn òbí abà yìí ti ń wá bi mí pé kí ni mo fún ọ jẹ tí o fi rí báyìí. Mo sọ fún wọn pé n kò fún ọ ní ohunkóhun, mo gbà lọ́wọ́ rẹ ni. Mo ní bí ọmọ wọn bá ń tú rédíò, kí wọ́n bá a wá ibi tí yóò kó àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí. Bí ó bá ní òun fẹ́ ta ohun tí òun ṣe, kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rà á, kí wọ́n má sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó. Bí ohun tó dáwọ́ lé bá bàjẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí ọmọ lè kọ́gbọ́n lára àṣìṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí ohunkóhun kọ́ lára èyí tí bàbá rẹ̀ gbé pamọ́. Ajíbóyè ní òun ti ní kí ọmọ òun obìnrin lọ kí àpótí náà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò mọ̀.

Lánàá ni mo lọ sí ilé tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀ lọ tẹ̀ ọ́ láago, nítorí o ti kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pa kí n pè ọ́ sí tẹlifóònù ilé oògùn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo gbé òròmọdìẹ kan sínú fìlà. Arábìnrin tí ń gbowó bi mí pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀, mo ní kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣí fìlà hàn án, mo sì bi í bóyá iye àgbà ni n ó san fún un tàbí iye ọmọdé. Ó ní àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láìsanwó ni òun mọ̀, òun kò tíì rí ẹni tó fẹ́ sanwó láìsọ̀rọ̀. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn rẹ dé, òròmọdìẹ ti sùn lọ, n kò mọ ohun tí n ó ṣe, ni gbogbo wa tí a tò dúró níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi tirẹ̀ kí ó lè jí. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ péye: igbe àkọ́kọ́ tí o gbọ́ kì í ṣe ti adìẹ, ti bàbá ẹ̀yìn mi yẹn ni.

O bi mí pé kí ló dé tí n kò wọ mọ́tò láti Dùgbẹ̀ wá bá ọ ní Bódìjà, mo ní ìwé ìlànà ni mo ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí.

Mo tún yà sí báńkì pẹ̀lú ìwé onídùúró tí o fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè yá ọ lówó pákó. Wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ṣe é bí ẹni tó ń jókòó ìdánwò, èkejì dára ju èkíní lọ, mo sì fi òdòdó sí ìdí ẹ̀kẹta. Akọ̀wé ní wọn kò jọra. Mo ní báwo ni wọn yóò ṣe jọra nígbà tí mo ń tẹ̀ síwájú? Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí n wá ṣe mẹ́ta tó burú bákan náà, mo sì ti ń dán an wò nílé.

Ní ti owó, mo bẹ ọ, fi díẹ̀ rán Tàjúdéènì sí wa fún oúnjẹ òròmọdìẹ, nítorí ẹnu mẹ́rìnléláàádọ́ta kì í ṣe kékeré. Fi owó ọkọ̀ Ìṣẹ́gun kún un. Bí ó bá sì ṣẹ́ kù, bàtà mi ti ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ ọ́ tó bí mo ti ṣẹ ọ́ kò gbọdọ̀ sọ irú bàtà tó fẹ́. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí pa nígbà tí ìyá rẹ ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí. Bí mo ti dé ibi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní kí n dúró, ó ní òun mọ̀. Ó ní òun gbọ́ igbe náà lọ́jọ́ yẹn, òun sì ṣí ewé. Mọ́kànlá ti kú, ọ̀kan wà láàyè, òun fi etí aṣọ gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Apete, níbi tí ó ti dàgbà di àgbébọ̀ pupa, tó sì sàba títí ó fi darúgbó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún ọmọ láti ọjọ́ yìí. Ó dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ yín ni, Bàbá Yéjídé. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè.”

Nítorí náà, Àṣàbí, mú ìwé àjákọ rẹ àtijọ́ jáde, kí o fa igi lé ohun tí o kọ síbẹ̀. Kọ ọ́ pé ẹyin méjìlá ni, bàbá rẹ da gbogbo wọn nù, ọ̀kan pa. Páálí mílíìkì rẹ ṣiṣẹ́. O kò kùnà rí.

Ọlọ́run yóò fi àwọn àgbà tí kò ní dí ọ lọ́wọ́ yí ọ ká. Iná tí o bá tàn kò ní jó ọ, kò sì ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ilé tí ogójì àpótí wọ̀nyẹn bá wọ̀, ayọ̀ ni yóò bá wọn wọ̀ ọ́, orúkọ rẹ ni wọn yóò sì máa dá níbẹ̀. Dárí jì mí, ọmọ mi, bí ó bá tilẹ̀ gbà ọ́ ní àkókò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádérọ̀ Àlàó.